Alábàárù Bàbà Inú Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Mọ̀

Bí a bá dárúkọ bàbà, wáyà iná ni ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bàbà wà nínú oúnjẹ wa pẹ̀lú: nínú ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti olú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ara ń fẹ́, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń ṣe ìpalára.

Ta Ni Alábàárù Yìí?

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe puròtéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ceruloplasmin. Holmberg àti Laurell, onímọ̀ méjì ará Sweden, ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ní 1948. Bí alábàárù ọjà ni ó rí: òun ni ó ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú bàbà inú ẹ̀jẹ̀. Ó tún ń ṣètò èròjà irin kí ó lè ṣeé gbé dé ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ tí ó dá ṣáṣá a máa di ẹrù bàbà lé alábàárù yìí lórí, a sì máa da èyí tí ó ṣẹ́kù sínú òróòro, kí ó lè bá ìgbẹ́ jáde.

Nígbà Tí Ẹrù Kò Jáde

Nínú àìsàn Wilson, èyí tí dókítà Kinnier Wilson ṣàlàyé ní London ní 1912, ẹ̀dọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí bí ó ti yẹ. Alábàárù tí kò rí ẹrù gbé kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó máa ń dínkù. Bàbà a wá kórajọ sínú ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà sínú ọpọlọ àti ojú.

Bí a ti ń jogún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni a ń jogún rẹ̀. Ara bàbá àti ìyá lè le koko, síbẹ̀ kí àwọn méjèèjì ní àbùkù náà nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò ní àìsàn náà. Kò wọ́pọ̀, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé ibà pọ́njú lásán ni, tàbí pé ayé ni ó ń ṣe ọmọ.

Àwọn Àmì Tí Ẹ Ó Máa Ṣọ́

Àwọn àmì wọ̀nyí sábà máa ń yọ láti ọmọ ọdún 5 sí ẹni ọdún 35:

1. Kí ẹyinjú pọ́n bí ìyeyè, kí ó lọ, kí ó tún padà. Kí ikùn tàbí ẹsẹ̀ wú.
2. Kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ọ̀rọ̀ má já gaara mọ́, kí itọ́ máa dà.
3. Kí ìkọ̀wé ọmọ bàjẹ́, kí ó máa fà sẹ́yìn ní ilé-ìwé, kí ìwà rẹ̀ yí padà.

Ibà, àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn àti fòníkú-fọ̀ladìde wọ́pọ̀ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ìdí àìsàn náà, ẹ béèrè àyẹ̀wò ceruloplasmin lọ́wọ́ dókítà. Ó lè kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà. Dókítà ni kí ó túmọ̀ èsì rẹ̀, nítorí iye rẹ̀ máa ń lọ sókè nínú oyún, ó sì máa ń kéré lára ọmọ tuntun àti ọmọ tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ. Ó sábà máa ń fi àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ojú kún un.

Ìtọ́jú Wà

Láti 1956 ni a ti ń lo oògùn penicillamine, tí ń mú kí bàbà bá ìtọ̀ jáde. Oògùn zinc sì ń dí i lọ́wọ́ láti inú oúnjẹ wọ ara. Títí ayé ni a ń lò wọ́n; ẹni tí ó bá dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹ má ṣe fi àgbo dípò oògùn.

Lékè gbogbo rẹ̀, bí ọmọ kan bá ní i, ẹ kó gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, bí ara wọn tilẹ̀ le. Bí a bá tètè mọ̀, oògùn lè dènà àìsàn náà kí ó tó fi ọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ wọn. Àtètèsùn ni í jẹ́ àtètèjí.