ìtí: ìlò rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò, àti ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìdì

ìtí — ọ̀rọ̀-orúkọ; ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè.

1. Ọkà tí a gé tí a sì dì pọ̀: *ìtí ọkà*. Ìtumọ̀ yìí ni Bíbélì Yorùbá lò nínú àlá Jósẹ́fù.
2. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀: *ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀*.
3. Nínú ìṣirò: ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní *sheaf*, tí Faransé ń pè ní *faisceau*, tí èdè Jámánì sì ń pè ní *Garbe*.

Ìtumọ̀ kẹta ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé.

Orísun

Jean Leray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó mú *faisceau* wọ inú ìmọ̀ ìṣirò. Àwọn ọmọ ogun Jámánì mú un ní 1940, ó sì wà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Austria títí di 1945. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó bí èrò náà. Ó gbé e jáde ní 1946.

Àlàyé

Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà lè mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, a sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀ ní 1945. Kí a gbà pé a ya àwòrán ọ̀kan nínú wọn yíká, tí etí àwòrán kọ̀ọ̀kan sì wọ inú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí àwọn àwòrán náà bá bára mu níbi gbogbo tí wọ́n ti pàdé, wọn yóò para pọ̀ di odindi kan ṣoṣo. Ìwà ìtí nìyí: apá kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, àwọn àkọsílẹ̀ tí ó sì bára mu níbi ìpàdé a máa so pọ̀ di odindi, lọ́nà kan péré.

Bí àwòrán kan bá mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ ńkọ́? A lè sọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po kan kí ó lè bá ti èkejì mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá yí ère náà ká tán, ǹjẹ́ àwòrán ìkẹyìn yóò bá ti àkọ́kọ́ mu? Irú ìbéèrè yìí ni ìṣòro kejì tí Pierre Cousin gbé kalẹ̀ ní 1895. Àwòrán kọ́ ni tirẹ̀, bí kò ṣe àwọn function holomorphic lórí nọ́ńbà complex púpọ̀, èyíinì ni nọ́ńbà tí ó ní apá gidi àti apá àfinúrò. Function holomorphic kì í gba àtúnṣe ní ibì kan ṣoṣo: bí a bá ti mọ̀ ọ́n ní àyè kékeré kan, a ti mọ̀ ọ́n dé gbogbo ibi tí àyè rẹ̀ so mọ́ra dé. Function aláìjá kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ìyípadà aláìjá

Gbólóhùn yìí dúró fún *homotopy*. Bí a bá so okùn mọ́ èèkàn méjì, tí ó sì dẹ̀ sílẹ̀, a lè wọ́ ọ láti ìrísí kan dé òmíràn láìgé e. Bí ìrókò bá wà láàárín èèkàn méjèèjì, okùn tí ó gba ọ̀tún igi kò lè di ti òsì láìjá.

Ní 1939, Kiyoshi Oka ará Japan fi hàn pé, lórí àwọn àyè kan, bí function aláìjá bá lè yanjú ìṣòro kejì Cousin, function holomorphic náà lè yanjú rẹ̀. Ní 1957 àti 1958, Hans Grauert mú òfin náà dé orí *ìdì*. Ní 1966, Otto Forster àti Karl Josef Ramspott mú un dé orí *ìtí*: a ó mú ojútùú aláìjá, a ó sì fi ìyípadà aláìjá darí rẹ̀ títí yóò fi di holomorphic.

Ìtí kì í ṣe ìdì

Ìdì ni kí a fi túmọ̀ *bundle*. Nínú ìdì, a so àyè kan mọ́ ojú-àmì kọ̀ọ̀kan, irú kan náà sì ni gbogbo àwọn àyè náà. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní ìtí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìtí kan lè wà tí kò ní ìdì. Ẹ wo ìtí àwọn function holomorphic tí iye wọn jẹ́ òfo ní ojú-àmì kan. Bí nọ́ńbà complex bá jẹ́ ọ̀kan, inú ìdì ni ìtí yìí ti wá. Bí ó bá di méjì, kò sí ìdì tí ó lè bí i. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ náà fi ṣe pàtàkì nígbà tí nọ́ńbà complex bá pọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a lè pe ìtí ọkà ní ìdì ọkà láìsí ìpalára. Nínú ìṣirò, ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀:

✓ *Ìdì kọ̀ọ̀kan ní ìtí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìtí ni ó ti inú ìdì wá.*
✗ *Ìdì kọ̀ọ̀kan ní ìdì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdì ni ó ti inú ìdì wá.*

Gbólóhùn kejì kò ní àṣìṣe gírámà kankan, síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Òǹkàwé kò sì ní mọ̀ bóyá òfin Grauert ni a ń sọ tàbí ti Forster àti Ramspott.

Àkíyèsí lórí ohùn

Ẹ má ṣe yọ àmì ohùn kúrò. *Ìdì* ni ohun tí a dì. *Ìdí* ni okùnfà tàbí ìsàlẹ̀. *Idì* ni ẹyẹ. Láìsí àmì, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ìwé.

Tún wo: ìdì, aláìjá, odindi.