Fíìmù Kọmándò: Ta Ni Wọ́n Ń Lọ Gbà Sílẹ̀?

Bí ẹ bá dàgbà ní Ṣómólú tàbí Bárígà, ẹ ti mọ òfin àkọ́kọ́ nínú fíìmù ogun: áktọ̀ kì í kú. Ogún èèyàn á máa yìnbọn sí i, òun nìkan á sá sẹ́yìn igi kan ṣoṣo, á sì pa gbogbo wọn tán. A mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ a ò ní dìde. Àwọn CD "ten in one" tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Chuck Norris ká tó mọ orúkọ gómìnà.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni irú èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ìtàn rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan: ogun ń jà, wọ́n ti mú èèyàn kan lọ, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ lọ mú un bọ̀. Ilé iṣẹ́ Cannon, ti Menahem Golan àti Yoram Globus, rí owó gidi nínú rẹ̀ ní ọdún 1984 pẹ̀lú Missing in Action. Vietnam ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ Philippines ni wọ́n ti yà á. Wọ́n ya fíìmù méjì léra wọn. Èyí tó yẹ kó jẹ́ apá kejì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, torí wọ́n gbà pé òun ló dáa jù.

Ìdí tí owó kékeré fi lè gbé irú ìtàn yìí kò ṣòro láti mọ̀. Èèyàn kì í san owó ilé fún igbó. Òkùnkùn máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹni tó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ lè pààrọ̀ fìlà kó tún wá kú ní ìparí. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ò lè yọ kúrò ni ẹni tí wọ́n ń lọ gbà. Bí a ò bá mọ ẹni yẹn, ariwo lásán ni gbogbo ìbọn yẹn.

Ọgbọ́n fíìmù olówó kékeré kò jìnnà sí àwa náà. Ní Wakaliga, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Kampala, Isaac Nabwana ya fíìmù kọmándò tó pè ní Who Killed Captain Alex? ní 2010. Wọ́n ní owó tí wọ́n ná kò tó 200 dọ́là. Nítòsí wa níbí, àwọn Ikorodu Bois fi ohun èlò inú ilé ya ìpolówó fíìmù Extraction ní 2020, ìyẹn fíìmù Netflix tí jagunjagun kan ti lọ sí Dhaka láti gba ọmọ tí wọ́n jí gbé. Àwọn Russo Brothers tó wà nídìí fíìmù náà rí i, wọ́n sì ní kí wọ́n wá wo apá kejì lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e jáde. Títì Ìkòròdú tó gba Fádèyí àti Onípánu kọjá létí Ṣómólú náà ló lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ yẹn. Ní Bárígà fúnra rẹ̀, Ṣẹ́gun Adéfilá ti dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ láti 1996, níbi tí ara òṣèré àti ìlù ti ń ṣe iṣẹ́ tí owó kò lè ṣe.

Nítorí náà, ọgbọ́n kọ́ ló wọ́n wa. Ìbéèrè mi ni pé: ta ni wọ́n ń lọ gbà?

Ẹ wo Tears of the Sun, tó jáde ní 2003. Owó ńlá ni wọ́n ná sí tiẹ̀. Nàìjíríà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ Hawaii ni wọ́n ti yà á. Bruce Willis àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá mú dókítà ará Amẹ́ríkà kan kúrò nínú ogun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ inú ìtàn náà torí pé dókítà yẹn kọ̀, ó ní òun ò ní fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn ṣọ́jà náà rárá.

Ẹ má sọ pé fíìmù lásán ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n jí ọmọ Amẹ́ríkà kan gbé ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n sì gbé e wọ àríwá Nàìjíríà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn Navy SEAL fi wá gbé e lọ. Inú mi dùn fún un o. Àmọ́ ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, ọmọbìnrin 276 ni Boko Haram kó ní Chibok. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sá mọ́ wọn lọ́wọ́ fúnra wọn. Ìdúnàádúrà ló mú 21 bọ̀ ní 2016 àti 82 ní 2017. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ báyìí, ọ̀pọ̀ kò tíì dé ilé.

Mi ò sọ pé àwọn ṣọ́jà wa ò ṣe nǹkan kan. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2015, wọ́n kéde pé àwọn gba ọmọbìnrin 200 àti obìnrin 93 sílẹ̀ ní igbó Sambisa. Ta ló rántí orúkọ ẹyọ kan nínú wọn? Iye ni wọ́n kà fún wa.

Mo kàwé òfin, ẹ jẹ́ kí n lò ó díẹ̀. Abala 14(2)(b) nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ó dùn létí, àbí? Àmọ́ abala 6(6)(c) ló ti ilẹ̀kùn: orí kejì tí ìlérí yẹn wà kì í ṣe ohun tí ẹ kàn lè torí ẹ̀ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ibi tí ilé ẹjọ́ ò ti lè béèrè yẹn ni mo ti fẹ́ kí fíìmù béèrè.

Ìtàn wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì yà tán. Ìyá kan wà ní Bárígà, wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé lójú ọ̀nà, fóònù dún, wọ́n dárúkọ owó. Ẹgbẹ́ àdúgbò ń dá owó, ẹ̀gbọ́n ń ta ilẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin pé ẹni tó bá san owó ìtúsílẹ̀ yóò lọ sẹ́wọ̀n, ó kéré tán ọdún 15. Ẹ fi ìyá yẹn sí àárín òfin àti ọmọ rẹ̀, kí ẹ wá tan kámẹ́rà. Igbó Sambisa ò pọn dandan, yàrá kan àti fóònù kan ti tó.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ya ti ṣọ́jà náà, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọ aṣọ ológun, torí òfin ò fàyè gba kí ẹni tí kì í ṣe ológun kàn máa wọ̀ ọ́ kiri. Àmọ́ kí ẹ tó wá aṣọ tàbí ìbọn onígi, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa orúkọ ẹni tí wọ́n mú, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ẹni tó ń dúró dè é nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ìbọn yín bá tiẹ̀ jẹ́ igi mọ́ọ̀pù, a ó jókòó wò ó dé òpin.