Ilé Ọ̀gá Rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ṣebí gbogbo wa la mọ ojú irin tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Téjúoṣó. Àìmọye ìgbà la ti dúró kí rélùwéè kọjá, tí à ń pòṣé pé ó ń dá ọjà wa dúró. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ ilé tí ọ̀gá àgbà rélùwéè ń gbé láyé òyìnbó? Kò jìnnà rárá. Inú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ló wà. Jaekel House ni wọ́n ń pè é, ó sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ará ìlú ń lọ wò. A lọ síbẹ̀.

Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 kò tíì dé Ìbàdàn nígbà náà. Ó di 1901 kí ó tó débẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan, ilé ọ̀gá ti parí kí ọkọ̀ tó dé ibi tó ń lọ! Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Francis Jaekel, ẹni tí wọ́n fi sọ ilé náà lórúkọ, ṣiṣẹ́ rélùwéè fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì ní àwọn ọdún 1960.

Fọ́tò ló pọ̀ jù nínú ilé: àwọn èèyàn ńlá, ìlú àti ìṣẹ̀lẹ̀, láti àwọn ọdún 1940 títí di ìgbà tí òmìnira kù dẹ̀dẹ̀. Ohun èlò iṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa oníṣòwò. Rélùwéè ló ń gbé obì láti Agége lọ sí Kánò, òun náà ló ń kó màlúù wá sí Èkó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló tibẹ̀ kọ́lé, tí wọ́n fi rán ọmọ níléèwé.

Ìyá kan nínú wa tó ń ta léèsì kò tiẹ̀ wo fọ́tò púpọ̀. Ohun tó bi wá ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń rówó tún irú ilé báyìí ṣe?” Ìbéèrè oníṣòwò gan-an nìyẹn. A sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ kan tí kì í wá èrè, tó ń jẹ́ Legacy, ló tún un ṣe ní 2010. Ìyá ní, “Ẹgbẹ́ kẹ̀! Mo ti rò pé olówó kan ni.”

Ẹ wá wo Ilojo Bar ní ojúde Tinúbú, ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́hùn-ún. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, lọ́nà ti àwọn Àgùdà, wọ́n sì ń ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Síbẹ̀síbẹ̀, lọ́jọ́ Sunday kan ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ó dùn wá. Àmọ́ a mọ iye tí ilẹ̀ ń mú wá ládùúgbò yẹn. Ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wó ilé rẹ̀, tí kò sì rówó tún un ṣe, wàhálà ló ní lọ́wọ́. Àwa tí ọjà wa jóná ní 2007, tí tuntun ò ṣí títí di 2014, a mọ bó ṣe rí kéèyàn máa fẹnu júwe ibi tí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Jaekel House, kó kọ́kọ́ béèrè lẹ́nu géètì, torí ọgbà òṣìṣẹ́ ni. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Akọ̀wé ti ń gba orúkọ àwọn tó máa bá wa lọ lẹ́ẹ̀kejì.