Eré Akọni inú Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀rọ̀ Ìwà

Nígbà tí mo sọ fún àwọn olóòtú ìwé àtọdúndọ́dún wa yìí pé orí eré kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kọ nǹkan lé, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní ṣé kò sí ọ̀rọ̀ lórí oríkì, lórí ẹkún ìyàwó tàbí lórí ìtàn àwọn ọba wa tí mo lè kọ ni. Mo ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò lè tán láé, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò jìnnà sí wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí i.

Irú eré tí mo ń sọ ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní role-playing game. Eré akọni ni èmi yóò máa pè é. Kì í ṣe eré kí á máa yìnbọn lu ohunkóhun tó bá ṣáà ti yọjú, kì í sì í ṣe eré bọ́ọ̀lù. Nínú eré akọni, ẹni tó ń ṣeré yóò gbé ara ẹlòmíràn wọ̀. Ó lè di jagunjagun, ó lè di oníṣègùn, ó lè di akéwì. Yóò fún ẹni náà lórúkọ, yóò sì máa mú un rìn kiri nínú ayé kan tí ó ní ìlú, ọjà, igbó àti ihò abẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá ṣe ń borí ìṣòro ni agbára rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, tí owó yóò máa wọlé, tí ohun ìjà rẹ̀ yóò sì máa dára sí i. Ìdí tí ó fi kúrò nílé ni iṣẹ́ kan tí wọ́n rán an.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kankan kò ní pe èyí ní ohun tuntun. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà ní Iléṣà, ojú Odùduwà fọ́, Ifá sì ní omi òkun ni wọn yóò fi ṣe egbòogi rẹ̀. Ajíbógun ni ó gbà láti lọ bu omi náà wá. Ó pẹ́ lọ́nà títí wọ́n fi rò pé ó ti kú. Nígbà tí ó dé, ojú bàbá rẹ̀ là, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Ọwá Iléṣà ní Obòkun títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yòókù ti pín ogún tán kí ó tó dé, idà ni bàbá rẹ̀ rí fi lé e lọ́wọ́. Ní Òṣogbo tí wọ́n ti bí èmi náà, ìtàn wíwá omi ni a fi bẹ̀rẹ̀: Laróòyè àti Tìmẹ́hìn ọlọ́dẹ kúrò ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì rìn títí wọ́n fi kan odò Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá sì ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938 yóò rántí ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó, bí Àkàrà-ògùn ṣe kó Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù lẹ́yìn, tí olúkúlùkù sì ní ohun tí òun nìkan mọ̀ ọ́n ṣe. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹgbẹ́ jọ nínú eré akọni gan-an nìyẹn.

Ó dùn mọ́ mi nínú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé eré yìí wọ inú kọ̀ǹpútà. Ní 1974 ni Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, eré orí tábìlì tí wọ́n ń fi ìwé àti ọmọ ayò onígun púpọ̀ ta. Nígbà tí ó fi di 1975, ẹnìkan ti kọ irú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ PLATO ti Yunifásítì Illinois, ó sì sọ ọ́ ní pedit5, orúkọ tí kò jọ orúkọ eré rárá. Àwọn tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ náà a máa pa á rẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Ní 1981, àwọn ọmọ Yunifásítì Cornell méjì, Andrew Greenberg àti Robert Woodhead, gbé Wizardry jáde. Eré náà le! Bí akọni rẹ bá kú nínú ihò, kíákíá ni ẹ̀rọ yóò kọ ikú rẹ̀ sínú díìsìkì, kò sì sí pé o fẹ́ padà sẹ́yìn. Ọdún yẹn kan náà ni Ultima àkọ́kọ́ jáde, iṣẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Garriott, tí bàbá rẹ̀, Owen Garriott, ti gòkè lọ sí ojú òfuurufú ní 1973. Àwọn ará Japan rí eré wọ̀nyí, wọ́n sì ṣe tiwọn: Dragon Quest ní 1986, Final Fantasy ní 1987. N kò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ìtàn tó ń mú omi bọ́ lójú ènìyàn.

Ultima kẹrin, tí ó jáde ní 1985, ni mo fẹ́ sọ.

Kí ó tó di ìgbà náà, ohun tí gbogbo eré akọni ń kà ni agbára àti owó. Ibi ló wà níwájú, o ní láti lágbára tó láti pa á. Bí o ṣe di alágbára kò kan ẹnikẹ́ni. O lè jí oúnjẹ nínú ọjà, o lè pa ará ìlú tí kò ṣẹ̀ ọ́ kí o sì kó owó rẹ̀, ọba yóò ṣì gbé oyè fún ọ nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí Ultima kẹta jáde ní 1983 ni Garriott bẹ̀rẹ̀ sí ka lẹ́tà àwọn ènìyàn fúnra rẹ̀, ó sì rí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ayé tí òun dá. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Nínú èyí tí ó ṣe tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀tá ńlá kankan tí wọ́n ní kí a lọ pa. Iṣẹ́ tí wọ́n rán akọni ni pé kí ó di ènìyàn rere nínú nǹkan mẹ́jọ: òtítọ́, àánú, ìgboyà, ìdájọ́ òdodo, ìfara-ẹni-rúbọ, iyì, ìfọkànsìn àti ìrẹ̀lẹ̀. Bí ẹ bá ka ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ ní 1975 lórí ìwà pẹ̀lẹ́ nínú ẹsẹ Ifá, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílé wa.

Bí eré náà ṣe ń ṣe é ló yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ ń ka ìwà rẹ, ṣùgbọ́n kò fi iye rẹ̀ hàn ọ́. Iye owó rẹ wà lójú kọ̀ǹpútà, iye ẹ̀jẹ̀ ara rẹ náà wà níbẹ̀, ti òtítọ́ ni o kò ní rí. Bí o bá fún alágbe lówó, ó ń kà á sí àánú. Bí o bá sá fún ogun tí kò yẹ kí o sá fún, ìgboyà rẹ dín kù. Bí o bá lọ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ tọrẹ lọ́dọ̀ oníṣègùn, ó wà lákọsílẹ̀. Aríran kan wà nínú ààfin, Hawkwind lorúkọ rẹ̀, òun nìkan ni o lè bi léèrè bí ìwà rẹ ṣe rí, kì í sì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé.

Ní 1996 ni mo bá eré yìí pàdé ní Òṣogbo. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Àbúrò ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Òkè-Fìà, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní business centre, ó sì ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan láti Èkó. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kò nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, Ultima kẹrin sì wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ti lọ tán nírọ̀lẹ́, bùọ̀dá yóò ní, "Ó yá, kí iná tó lọ." Iná a sì máa lọ lóòótọ́. Bí n kò bá tíì tọ́jú ibi tí mo dé, gbogbo ìrìn ọjọ́ náà ti ṣòfò nìyẹn. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ láti fi bá àwọn ará ìlú inú eré sọ̀rọ̀, èyí ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ju olùkọ́ mi lọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó ka èyí.

Ẹni tó fẹ́ pidán nínú eré náà ní láti ra èròjà. Aáyù, òwú aláǹtakùn, gbòǹgbò igi, eérú imí-ọjọ́: lọ́rọ̀ kan, ọjà lẹ́kùlẹ́jà. Afọ́jú sì ni ẹni tó ń tà á. Obìnrin náà yóò sọ iye tí ọjà rẹ̀ jẹ́, yóò ní kí o san owó, ìwọ fúnra rẹ ni yóò tẹ iye tí o san. Bí ó bá ní ogún, tí o tẹ ọ̀kan, kò ní bá ọ jà. Yóò gba ọ̀kan náà, yóò kó ọjà fún ọ.

Mo tẹ ọ̀kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo pe bùọ̀dá kí ó wá wo ọgbọ́n tí mo dá, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín sí i dọ́ba.

Nígbà tí a gba ìsinmi, wọ́n ní kí n lọ bá Ìyá Àgbà ní Iléṣà. Eléwé ni ìyá ìyá mi yìí ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, àrùn ojú sì ti ń mú ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta. Ó fi òórùn àti ọwọ́ mọ gbogbo ewé orí àtẹ rẹ̀. Owó ni ọwọ́ rẹ̀ kò lè yà sọ́tọ̀, nítorí pé náírà márùn-ún àti ogún náírà kò yàtọ̀ sí ara wọn lọ́wọ́ ẹni tí kò ríran. Ohun tí oníbàárà bá pè é náà ló ń gbà á bí. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan ra ewé, ó fi náírà márùn-ún sí i lọ́wọ́, ó ní ogún náírà nìyẹn. Ìyá Àgbà fún un ní ṣéńjì.

N kò lè sọ̀rọ̀ títí ọkùnrin náà fi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ìyá Àgbà, náírà márùn-ún lẹ gbà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n lóhùn. Kì í ṣe òní."

"Kí ló dé tí ẹ ń tà fún un?"

"Ọmọ rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá, Àjàní."

Ẹ mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà kì í fi owó rẹ̀ ṣeré. Òṣómàáló ni wọ́n, wọn a lóṣòó sílé ajigbèsè títí wọn yóò fi gba owó aṣọ. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí. N kò sọ ohun tí mo ti ń ṣe ní Òkè-Fìà fún un rí, títí tí ó fi kú ní 2003.

Nígbà tí mo padà sí Òṣogbo, mo lọ sọ́dọ̀ aríran inú ààfin, mo bi í léèrè òtítọ́. Ó sọ ojú abẹ níkòó fún mi pé olè ni mí, àti pé pẹ̀lú ìwà yìí, n kò lè dé ibi tí mo ń lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí san owó ọjà ní pípé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe eré náà ni pé ohun tí ìrẹ́jẹ ẹ̀ẹ̀kan ń bà jẹ́ pọ̀ ju ohun tí òtítọ́ ẹ̀ẹ̀kan ń tún ṣe lọ. N kò tíì san án débì kankan tí bùọ̀dá fi ta kọ̀ǹpútà náà.

Eré akọni ti lọ jìnnà láti ìgbà náà. Baldur's Gate jáde ní 1998, Morrowind ní 2002. Ultima ní tirẹ̀ parí sí ìkẹsàn-án ní 1999, ìparí tí kò dùn mọ́ mi nínú, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ Origin tó ń ṣe é pa ní 2004. Ní ìhà tiwa, àwọn ọ̀dọ́ Yaoundé ní Kamẹrúùnù tí wọ́n ń jẹ́ Kiro'o Games gbé Aurion jáde ní 2016, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Nínú rẹ̀, Enzo Kori-Odan ni ó yẹ kí ó jọba ní Zama, àna rẹ̀ sì dìtẹ̀ gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbádé. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Erine, bọ́ sójú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó sì ti ń fa agbára. Mo ṣe é, mo gbádùn rẹ̀. Mo ṣáà ń wo ọjọ́ tí ẹnìkan yóò fi Ajíbógun ṣe irú rẹ̀, kí a sì wo bí yóò ṣe ṣe ibi tí akọni parí iṣẹ́ rẹ̀ tán tí ó dé bá ogún tí wọ́n ti pín. Kò sí eré kan tí mo tíì ṣe tó gbójú láti san owó iṣẹ́ báyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹni náà mọ ibi tí Ultima kẹrin kù sí pẹ̀lú. Owó ẹyọ kan tí o fún alágbe àti ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan náà ni ẹ̀rọ kà wọ́n sí. Ẹni tó bá ti mọ èyí lè máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ra àánú. Kò sí bí ẹ̀rọ yóò ṣe mọ ohun tó wà nínú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ibi tí ó lè kọ ohun tí Ìyá Àgbà ṣe fún ọkùnrin yẹn sí nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ènìyàn ní Ultima kẹrin lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ní ìtàkùn GOG. Lọ́dún tó kọjá ni mo gbà á sórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kan obìnrin afọ́jú náà, ó pe iye owó rẹ̀, mo tẹ iye rẹ̀ gan-an. Mo tún rà á. Ìgbà tí mo fi máa parí eré náà, aáyù tó wà nínú àpò mi ti pọ̀ ju ohun tí mo lè lò lọ.