Àwọn Ẹ̀ṣọ́ inú Ẹ̀jẹ̀ àti Kíndìnrín Àlejò

Bí oníṣẹ́ abẹ bá ti fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí ara aláìsàn tán, ogun kò ì tí ì parí. Nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ni àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá ohun àjèjì mọ̀, kí wọ́n sì run ún. Wọn kò mọ̀ pé ìgbàlà ni kíndìnrín náà mú wá. Bí wọ́n ti í ṣe sí àrùn ni wọn óò ṣe sí i.

Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé, nígbà tí Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí ní àṣeyọrí ní Boston ní 1954, ìbejì tí ó jọra pátápátá ni ó fún èkejì rẹ̀ ní kíndìnrín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò rí àlejò kankan. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó ní irú èkejì bẹ́ẹ̀? Àwa Yorùbá pàápàá, tí ìbejì pọ̀ láàárín wa, mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn kò jọra tó bẹ́ẹ̀.

Ara tìkára rẹ̀ a máa ṣe àǹtíbọ́dì, èyíinì ni ohun ìjà wíwẹ́ tí í lẹ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo, bí kọ́kọ́rọ́ ti í bá àgádágodo tirẹ̀ mu. Ní 1975, Georges Köhler àti César Milstein, ní Cambridge, rí ọ̀nà láti máa ṣe irú kan ṣoṣo lọ́pọ̀ yanturu. Ó wá ṣeé ṣe láti dojú rẹ̀ kọ àwọn ẹ̀ṣọ́ gan-an.

Púrótéènì kan, CD3, wà lára sẹ́ẹ̀lì T. Òun ni í jíṣẹ́ fún un pé ọ̀tá dé. Ní 1986, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí OKT3, àǹtíbọ́dì tí í lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gba ọ̀pọ̀ kíndìnrín tí ara ti ń kọ̀ là. Ṣùgbọ́n kí ó tó mú àwọn ẹ̀ṣọ́ dákẹ́, a kọ́kọ́ ta wọ́n jí, ibà àti òtútù a sì dé. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé láti ara eku ni a ti mú un, ara aláìsàn a máa ṣe àǹtíbọ́dì tirẹ̀ láti gbógun ti olùgbàlà náà! A ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró.

Lójú tiwa, basiliximab, tí a fọwọ́ sí ní 1998, ni ó fi ọgbọ́n hàn jù. CD25 ni ó ń lẹ̀ mọ́, púrótéènì tí í pọ̀ lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a ti ta jí. A sì dí ọ̀nà àṣẹ tí í sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bí sí i. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a ti sọ di ti ènìyàn, nítorí náà ara kì í sábà bá a jà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a ń fún aláìsàn: ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àti ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oògùn yòókù ni yóò máa lò lójoojúmọ́, tí dókítà yóò sì máa wọ̀n wọ́n, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má ba à sùn tó bẹ́ẹ̀ tí àrùn mìíràn yóò fi ráyè wọlé.