Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìràwọ̀ tó bá rìn sún mọ́ ihò dúdú inú òfúrufú?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ìmọ́lẹ̀ kan ṣàdédé tàn láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré sí ayé. Ìràwọ̀ kan tó wúwo tó oòrùn wa ló kàgbákò ihò dúdú, ìyẹn black hole, tó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù kan.

Nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 215 ni ìmọ́lẹ̀ náà fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ìràwọ̀ náà kú, dinosaur ló ń rìn lórí ilẹ̀ ayé. AT2019qiz ni àwọn onímọ̀ sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Kí ló pa ìràwọ̀ náà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ihò dúdú máa ń gbé ohun gbogbo mì káló bí òkèlè. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Fífà ló ń fà á ya. Agbára òòfà ihò náà máa ń le lára ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ tó kọjú sí i ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Irú fífà yìí ni òṣùpá fi ń mú kí omi òkun kún kó sì fà, àmọ́ ti ihò dúdú kọjá kèrémí. Ìràwọ̀ náà á gùn, á tẹ́ẹ́rẹ́, títí yóò fi dà bíi sùpàgẹ́tì. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló fi oúnjẹ ṣàpèjúwe rẹ̀, kì í ṣe àwa.

Nǹkan bí ìdajì ara ìràwọ̀ náà ló bọ́ sọ́wọ́ ihò dúdú, tó ń yí i po, tó ń gbóná, tó sì ń tàn. Gáàsì àti eruku míì tú síta, eré wọn sì tó 10,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Eruku yìí ló sábà máa ń bo ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ àwọn onímọ̀ lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n tètè rí i kó tó bò. Ikọ̀ tí Matt Nicholl, tó wà ní Fásitì Birmingham nígbà náà, ṣáájú fi oṣù mẹ́fà ṣọ́ ọ, wọ́n sì rí i pé ara ìràwọ̀ tó ń ya náà ni eruku ọ̀hún ti wá.

Ibi tó yani lẹ́nu ni pé ihò dúdú tó wúwo ju oòrùn mílíọ̀nù 100 lọ ló lè gbé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ mì lódindi, láì sí ìmọ́lẹ̀ tí a ó rí.

Ṣé ó lè kan oòrùn wa?

Ọkàn yín balẹ̀. Sagittarius A*, ihò dúdú ńlá tó sún mọ́ wa jù, jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ gan-an ń lo nǹkan bí ọdún 26,000 láti ibẹ̀ wá.

Ti AT2019qiz kò tíì tán. Ní 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé ìtànṣán X-ray ń bú jáde níbẹ̀ ní bíi wákàtí 48 síra wọn. Àlàyé wọn ni pé nǹkan mìíràn, bóyá ìràwọ̀ kan, ló ń yí ihò náà po, tó sì ń la àárín àjẹkù ìràwọ̀ tó kú náà kọjá.