Orúkọ tí ó wà lára ìbọn: Simson ti ìlú Suhl

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe ni ẹ mọ ìbọn ẹlẹ́nu méjì ti ilẹ̀ Jámánì, èyí tí ọ̀pá irin rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí irú rẹ̀ tí ó ti gbó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, tí ẹ sì fẹ́ tún un ṣe, àwa bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ tí a fín sí i lára kí ẹ tó fi ohunkóhun ha á. Bí ó bá jẹ́ Simson ni ẹ rí níbẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró ná.

Ìlú Suhl, láàárín igbó àti òkè Thuringia, ni ìbọn náà ti wá. Ó ju irínwó ọdún lọ tí wọ́n ti ń rọ ìbọn níbẹ̀. Ní ọdún 1856 ni Löb àti Moses Simson, ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jẹ́ Júù, dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ìbọn ọdẹ àti ìbọn ogun ni wọ́n ń rọ. Lẹ́yìn èyí ni kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, nígbà tí àdéhùn Versailles dín ohun ìjà Jámánì kù, Simson ni a gbà láyè láti máa rọ ìbọn fún àwọn ọmọ-ogun ìjọba.

Ọlá yìí ni ó di ìjàngbọ̀n fún wọn. Àwọn Násì, tí wọ́n gba ìjọba ní 1933, fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n jẹ èrè àjẹjù. Ní 1935 ni wọ́n ti Arthur Simson mọ́lé; Fritz Sauckel, olórí wọn ní Thuringia, sì gba ilé-iṣẹ́ náà láìsan kọ́bọ̀. Ní 1936 àwọn ẹbí náà sá kúrò ní ìlú. Wọ́n yọ orúkọ Simson kúrò, wọ́n sì fi òmíràn dípò rẹ̀. (Sauckel yìí kan náà ni a so kọ́ ní Nuremberg ní ọjọ́ 16 oṣù October, 1946.) Ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì dá orúkọ náà padà sára ilé-iṣẹ́ ní 1952, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ni ín nígbà náà, kì í ṣe ẹbí Simson.

Èyí ni ó fà á tí a fi ní kí ẹ má ṣe ha á. Ìbọn tí ó ti jáde kúrò ní Suhl kí ìjà náà tó dé kò sí ní ìkáwọ́ Sauckel. Ṣùgbọ́n aláìmọ̀kan alátùn-únṣe lè fi ọ̀sán kan ṣoṣo ṣe ohun tí òun kò lè ṣe. Òjé ni a fi lẹ ọ̀já irin tí ó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, nítorí náà omi olóró gbígbóná tí a fi ń sọ irin di dúdú kíákíá lè tú u. Ọ̀nà àtijọ́ ni ó tọ́: kí a fi egbòogi pa á, kí ìpáàrà mú un díẹ̀, kí a sè é nínú omi, kí a fi búrọ́ṣì onírin gbọ̀n ọ́n, kí a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ti igi ìdí ìbọn, òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ tó, díẹ̀díẹ̀, fún ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ tún yí ọ̀pá náà dé ilẹ̀, kí ẹ wo àmì àyẹ̀wò ìjọba lábẹ́ rẹ̀, adé kékeré lórí lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí òfin 1891. Kí ẹ sì wọn ihò tí ọta ń wọ̀: mílímítà 65 ni ti ọ̀pọ̀ ìbọn ìgbà náà, 70 sì ni ti ọ̀pọ̀ ọta tí wọ́n ń tà lónìí.